Ọjọ́ Legi ní Kotagede

Kí oòrùn tó mú, ọjà Kotagede ti ya wọ ojú títì. Àwọn tó ń ta adìyẹ ti to àgò wọn sétí ọ̀nà. Ẹnì kan gbé òdòdó inú ọ̀rá kalẹ̀, ẹnì kejì tẹ́ àpò sílẹ̀, ó pàtẹ kọ́kọ́rọ́ àlòkù, ìṣó, ẹnu ẹ̀rọ omi àti aago ọwọ́ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ lé e. Ọlọ́kadà tó gbé mi láti àárín ìlú Yogyakarta, ní erékùṣù Java ní Indonéṣíà, bíi kìlómítà márùn-ún síbẹ̀, kò rí ọ̀nà gbà mọ́. Ó ní, "Legi, Mbak," ó sì pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Mbak ni wọ́n ń pe obìnrin tí kò tíì dàgbà tó ìyá ẹni. Mo gbà á tayọ̀tayọ̀.

Legi jẹ́ ọ̀kan nínú ọjọ́ márùn-ún tí àwọn ará Java fi ń ka ọjà: Legi, Pahing, Pon, Wage, Kliwon. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ná ọjà Kotagede, ṣùgbọ́n Legi ni ọjọ́ rẹ̀ gan-an, débi pé Pasar Legi ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè é. Solo, ìlú ọba kejì níhà ìlà-oòrùn, ní Pasar Legi àti Pasar Kliwon tirẹ̀. Purwokerto ní Pasar Wage. Ẹni tó bá dàgbà sídìí ọjà ọrọọrún nílé wa kò nílò àlàyé ìdí tí ojú títì fi dí. Ìyàtọ̀ kan wà ṣá. Ọrún tiwa, ọjọ́ mẹ́rin ló fi ń yí po, nítorí pé a máa ń ka ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Tiwọn jẹ́ márùn-ún gédégbé. Wọ́n tún so ó mọ́ ọjọ́ méje tí gbogbo ayé ń lò, tó fi jẹ́ pé Jímọ̀ tó bọ́ sí Legi kì í padà wá àfi lẹ́yìn ọjọ́ 35. Selapan ni wọ́n ń pe ìyípo yẹn. Ní ọdún 1633, Sultan Agung, ọba Mataram, pa kàlẹ́ńdà àtijọ́ wọn pọ̀ mọ́ bí àwọn Mùsùlùmí ṣe ń ka oṣù, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan ọjọ́ ọjà. Ta ni yóò fọwọ́ kàn án?

Mo ti ka èyí nínú ìwé kí n tó wọ bàálù. Ohun tí mo bá wá ni ìmọ̀ tó wà lára èèyàn: èyí tí ọmọ ń mú lọ́wọ́ ìyá láìsí pé ẹnikẹ́ni jókòó kọ́ ọ. Kotagede dára fún irú ìwádìí bẹ́ẹ̀. Níbí ni ìjọba Mataram ti gbéra ní ìparí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ààfin ibẹ̀ ti wó tipẹ́. Ọjà kò wó.

Nínú ọjà, mo dúró ti ìyá kan tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ ọ́fíìsì ń rà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá náà kà á fún un: setunggal, kalih, tiga, sekawan. Ó yíjú sẹ́yìn sí ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń to èyí tó kù, ó tún ń kà: siji, loro, telu, papat. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan náà ni. Ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin náà sì ni ó ń kà nígbà méjèèjì. Ṣùgbọ́n àlejò ni ọkùnrin náà, ọmọ sì lọmọ. Tí ẹ bá ń ka owó fún ẹni tí ẹ kò mọ̀ dáadáa ní Java, iye owó náà fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ aṣọ tó yẹ.

Ngoko ni wọ́n ń pe èdè tí wọ́n ń sọ sí ọmọ àti ẹgbẹ́. Krama ni ti ẹni ọ̀wọ̀. Tiwa rọrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí: "o" fún ẹgbẹ́, "ẹ" fún àgbà, ó parí. Ọ̀rọ̀ ìṣe wa kò yí padà. Bàbá ń jẹun, ọmọ náà ń jẹun. Ní Java, ọmọdé ń mangan. Bí èmi bá ń bá àgbà sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ tèmi, mo ń nedha. Àgbà náà ní tirẹ̀ ń dhahar. Ọ̀rọ̀ ilé, oorun, wíwá, lílọ, orí, ọwọ́, gbogbo wọn ló pín bẹ́ẹ̀. Èmi kò sì gbọ́dọ̀ fi dhahar sọ ti ara mi láé, bó ti wù kí inú mi dùn tó, nítorí ọ̀rọ̀ tí a fi ń gbé ẹlòmíràn ga kò ṣeé fi gbé ara ẹni ga. Àwa náà ní ìwọ̀nba irú rẹ̀ tí a fi pamọ́ fún ọba: ọba kì í kú, ó ń wàjà. Ẹ fojú inú wò ó pé gbogbo ará àdúgbò yín ni ẹ ní láti máa ṣọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún, láti òwúrọ̀ títí dalẹ́.

Ìwé atúmọ̀ èdè tó wà nínú àpò mi to ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lẹ́sẹẹsẹ. Ohun tí kò sọ ni bí ìyá ọlọ́gẹ̀dẹ̀ ṣe mọ̀, ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ibi tí oníbàárà rẹ̀ wà. Mo bi í. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kò ronú sí i rí. Pé láti kékeré, nígbà tí òun ń tẹ̀lé ìyá òun wá sí ọjà yìí, ìyá òun a máa já òun ní èékánná ní itan tí òun bá ṣi ọ̀rọ̀ mú. Itan ló ti kọ́ gírámà.

Lẹ́nu ọ̀nà àbájáde, obìnrin kan gbé agbọ̀n kọ́ ẹ̀yìn pẹ̀lú ìborùn, ìgò kún inú rẹ̀. Jamu ló ń tà. A ní ìyá alágbo nílé, mo mọ ohun tí mo ń wò. Ó po ọ̀kan fún ọlọ́kadà mi: ata ilẹ̀ pupa àti àjàgbọn. Fún obìnrin tó gbé ọmọ pọ̀n, ó fi ìgò yẹn sílẹ̀, ó mú òmíràn tí wọ́n fi ìrẹsì àti egbò kencur ṣe. Kò bi ẹnikẹ́ni pé kí ló ń ṣe é. Ojú ló fi ń wò wọ́n. Nígbà tó kàn mí, ó wò mí lẹ́ẹ̀mejì, ó sì po ohun tó korò tó bẹ́ẹ̀ tí omi jáde lójú mi. N kò mọ ohun tó rí.

Láti ọjà, èmi àti ọlọ́kadà mi rìn lọ sí gúúsù. Mo ń sọ gúúsù nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń júwe ọ̀nà níbí. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé kí o yà sọ́tùn-ún. Lor ni àríwá, kidul gúúsù, wetan ìlà-oòrùn, kulon ìwọ̀-oòrùn. Òkè Merapi tó ń yọ èéfín wà ní àríwá, òkun sì wà ní gúúsù, ọmọ ìlú sì mọ ibi tí méjèèjì wà bí ó bá tilẹ̀ wà nínú yàrá tí kò ní fèrèsé. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, nínú ilé kan tí wọ́n ti pè wá wọlé mu tíì, ìyá ilé sọ fún mi pé kí n sún kọ́ọ̀pù mi díẹ̀ sí àríwá kí ó má baà dànù. Sí àríwá, lórí tábìlì!

Mọ́ṣáláṣí àgbà Mataram wà nínú ọgbà kan náà pẹ̀lú ibojì àwọn ọba àkọ́kọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ni ẹ ó wọlé fún méjèèjì, lábẹ́ ẹnubodè bíríkì tó jọ ti àwọn tẹ́ńpìlì Híńdù àtijọ́. Kí ẹ tó dé ibojì Panembahan Senopati, tó dá Mataram sílẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ bọ́ aṣọ ìlú òkèèrè kúrò lára. Mo ró ìró wọn, mo fi ọ̀já di àyà, èjìká mi wà níta bí ti ìyá ìyá mi nínú fọ́tò àtijọ́. Wọn kì í jẹ́ kí èèyàn ya fọ́tò nínú ibẹ̀. Àwọn tó ń ṣọ́ ibẹ̀ jẹ́ abdi dalem, ẹmẹ̀wà ààfin. Àwọn kan wá láti ààfin Yogyakarta, àwọn kan láti ti Solo. Ìdí ni pé ní ọdún 1755 ni àdéhùn Giyanti pín ìjọba náà sí méjì, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè pín àwọn òkú.

Bàbá tó mú mi wọlé kò fi ìka ìfábẹ̀là nawọ́ sí ohunkóhun. Àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún ló ń lò, àwọn ìka yòókù ká sínú àtẹ́lẹwọ́. Bí a bá fẹ́ kọjá níwájú ẹni tó jókòó, ó tẹ̀ba, ó na ọwọ́ ọ̀tún sísàlẹ̀ níwájú, ó tọrọ gáfárà, ó ní, "Nuwun sewu." Mo ń ṣe bí ó ti ń ṣe. Ìkúnlẹ̀ tí wọ́n fi tọ́ mi dàgbà ràn mí lọ́wọ́ ju ìwé lọ, nítorí pé eékún mi ti mọ̀ pé ara ni àgbà kọ́kọ́ ń wò kó tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu.

Ó fi àtàǹpàkò yẹn hàn mí ní sàréè kan tí ògiri gé sí méjì: ìdajì rẹ̀ wà nínú, ìdajì wà lóde. Ki Ageng Mangir ló sùn síbẹ̀. Bí bàbá náà ti sọ ọ́ rèé. Mangir kò fẹ́ sin Mataram. Senopati rán ọmọbìnrin rẹ̀, Pembayun, lọ sí ìlú Mangir bí oníjó; Mangir fẹ́ ẹ láìmọ ọmọ ẹni tó jẹ́. Nígbà tó wá foríbalẹ̀ fún àna rẹ̀, Senopati gbá orí rẹ̀ mọ́ òkúta. Àna ni, nítorí náà wọ́n sin ín sínú. Ọ̀tá ni, nítorí náà wọ́n sin ín síta. Òkúta náà wà nínú ilé kékeré kan níwájú díẹ̀, wọ́n ń pè é ní Watu Gilang. Ó dúdú, ó ń dán, ibì kan lára rẹ̀ sì jinlẹ̀ wọnú.

"Ṣé òtítọ́ ni?" mo bi bàbá náà. Ó ní, "Nggih." Nggih ni bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi kọ́ ilé. Wọ́n lè fi sọ pé "mo gbọ́ ọ", wọ́n lè fi sọ pé "má jẹ̀ẹ́ ká jà". Ìgbà tí mo rí i pé ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo mọ̀ pé kí n má béèrè mọ́.

Ẹmẹ̀wà ọba ló ń sọ ìtàn ọba, ọ̀nà ààfin ni yóò sì gbé e gbà. Ẹlòmíràn wà tó gbé e gba ọ̀nà mìíràn: Pramoedya Ananta Toer, ọmọ Blora ní Àárín Gbùngbùn Java, tó kọ eré orí ìtàgé kan tí ó pè ní Mangir nígbà tó wà ní ẹ̀wọ̀n ní erékùṣù Buru. Òun náà ọmọ Java pọ́ńbélé, èdè Java ló sì kọ́kọ́ gbọ́ nílé. Ṣùgbọ́n kò sí bí ẹni tí ìjọba tì mọ́lé yóò ṣe wo Senopati pẹ̀lú ojú ẹni tó ń gbálẹ̀ ibojì rẹ̀.

Ọ̀nà tóóró ni a gbà lọ sẹ́yìn, láàárín ògiri tó ga, níbi tí a ti ń gbọ́ òòlù àwọn alágbẹ̀dẹ fàdákà ko-ko-ko. Iṣẹ́ wọn kò pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Àwọn ilé joglo wà níbẹ̀, òpó mẹ́rin gbé òrùlé sókè, igi ha igi lẹ́nu láìsí ìṣó. Ní àárọ̀ ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 2006, ilẹ̀ mì ní agbègbè yìí, èèyàn tó ju ẹgbẹ̀rún márùn-ún lọ ló kú, ọ̀pọ̀ ilé joglo ní Kotagede sì wó lulẹ̀. Káfíńtà àgbà kan fi ọwọ́ hàn mí bí òun ṣe ń mọ̀ bóyá igi teak ti gbẹ tó láti gé lẹ́nu: ó fi ìka lù ú, ó gbọ́ ọ, ó lu òmíràn. Mo lu méjèèjì. Ohùn kan náà ni mo gbọ́.

Ilé tí mo ti mu tíì yẹn wà níbẹ̀. Ìyá ilé, ọmọbìnrin rẹ̀ tó wà ní yunifásítì, àti ìyá àgbà wọn jókòó pẹ̀lú wa. Tíì tútù tán níwájú mi nítorí pé kò tíì sẹ́ni tó sọ pé kí n máa mu. Ìyá ń bá ìyá àgbà sọ krama. Ọmọbìnrin náà ń bá ìyá àgbà sọ èdè Indonéṣíà. Kì í ṣe pé kò gbọ́ èdè Java. Ngoko ló fi ń bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣeré. Ó ní ẹ̀rù ló ń ba òun: tí òun bá fi ọ̀rọ̀ kan sípò kejì, ìwà ni wọn yóò kà á sí, kì í ṣe gírámà. Èdè Indonéṣíà kò ní ìdẹkùn yẹn. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ orílẹ̀-èdè náà búra lórí èdè ìṣọ̀kan ní ọdún 1928, Malay ni wọ́n mú, wọn kò mú ti Java tí èèyàn tó ń sọ ọ́ pọ̀ jù, ipò inú èdè Java yìí sì wà lára ohun tí wọ́n yẹra fún. Lójú tèmi, wọ́n gbọ́n. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà kò sọ gbólóhùn kan sí ọmọ-ọmọ rẹ̀ jálẹ̀ ìjókòó wa ju pé kó gbé àkàrà kipo sún mọ́ àlejò.

Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ òkèèrè náà ti jókòó mu irú tíì yìí. Clifford Geertz, ará Amẹ́ríkà, gbé ní Pare, ní ìlà-oòrùn Java, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Ìwé tó jáde ní 1960 pín àwọn ará Java sí mẹ́ta: priyayi, àwọn ọmọ ọlọ́lá, santri, àwọn tó di Ìsìláàmù mú ṣinṣin, abangan, àwọn tó ń ṣe ti ìbílẹ̀ mọ́ ọn. Koentjaraningrat, onímọ̀ tó jẹ́ ọmọ bíbí Yogyakarta, ní ìpín náà kò dọ́gba, nítorí ipò ni priyayi, ọ̀nà ẹ̀sìn ni méjì yòókù. Òótọ́ ló sọ. Ilé ọlá sì ni wọ́n bí òun náà sí. Lẹ́yìn náà Mitsuo Nakamura, ará Japan, wá gbé ní Kotagede gan-an láti ọdún 1970. Ó wá rí ohun tí ẹni tó bá rò pé ẹ̀gbẹ́ ibojì ọba jẹ́ ilé abangan kò ní retí: ẹgbẹ́ Mùsùlùmí Muhammadiyah ń dàgbà láti inú ìlú náà wá, láàárín àwọn oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ ibẹ̀. Gbogbo wọn ló gbé ibẹ̀. Ojúlé tí oníkálukú wọn gbé kò jọra.

Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, mo lọ sí Kraton, ààfin Yogyakarta, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ lẹ́yìn àdéhùn ọdún 1755. Sultan Hamengkubuwono X ló wà lórí ìtẹ́, òun náà ni gómìnà. Ní ilé tí ipò ga jù yìí, ẹ ó rò pé krama yóò le jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹmẹ̀wà ní èdè tí wọ́n ń bá ara wọn sọ nínú ọgbà, bagongan, tó mú olóyè àti agbálẹ̀ dọ́gba: manira ni èmi, pakenira ni ìwọ, henggeh ni bẹ́ẹ̀ ni. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá méjì tí wọ́n jókòó láìwọ bàtà lábẹ́ igi. Bí wọ́n ṣe jáde kọjá ẹnubodè, wọ́n padà sí krama.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1812 ni ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, lábẹ́ Raffles tó ń ṣàkóso Java fún wọn nígbà náà, ya wọ ààfin yìí. Wọ́n kó wúrà, wọ́n sì kó ilé ìwé ọba lọ. Ọ̀pọ̀ ìwé àfọwọ́kọ náà wà ní Lọ́ńdọ̀nù títí di òní. Ní 2019, wọ́n fún Sultan ní ẹ̀dà orí kọ̀ǹpútà ti 75 nínú wọn. Àwọn tó fẹ́ràn láti máa yin ìmọ̀ tó wà lára èèyàn a máa sọ níbí pé ìwé lọ, ìmọ̀ kò lọ. N kò gbà. Bí wọ́n ṣe ń jókòó, bí wọ́n ṣe ń jó, bí wọ́n ṣe ń lu gamelan, ara tọ́jú ìyẹn. Àkọsílẹ̀ ìdájọ́, owó orí, ìtàn ogun ọdún sí ọdún, ara kì í tọ́jú wọn. Ẹni tó jí wọn, jíjí ló jí wọn.

Alẹ́ lẹ́, mo padà sí Kotagede. Wọ́n ń kọ macapat ní ìloro ilé kan. Ewì tí wọ́n ń fi orin kà ni. Oríṣi mọ́kànlá ló wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní iye ìlà rẹ̀, iye sílébù ìlà kọ̀ọ̀kan, àti fáwẹ́lì tí ìlà gbọ́dọ̀ parí sí. Àwọn àgbà ní wọ́n tò tẹ̀lé ayé èèyàn, láti inú oyún títí dé Pocung, tí wọ́n fi ń rántí aṣọ òkú. Wọ́n jókòó sórí ẹní, ọkùnrin ká ẹsẹ̀, obìnrin yí ẹsẹ̀ sábẹ́. Èèyàn kan kọ ẹsẹ kan, ó gbé ìwé fún ẹnìkejì. Kò sí atẹ́wọ́. Ẹ̀pà sísè ń lọ yíká.

Ó dé orí bàbá àgbà kan tí wọ́n bí sí ẹ̀yìn ọjà yẹn. Bó ṣe fa ìparí ìlà kẹta, ìyá kan tó wá láti Solo mi orí díẹ̀. Ó rọra sọ ọ́, ní krama tó dùn bí oyin, pé níbi tí òun ti dàgbà, ohùn kì í sọ̀ níbẹ̀, ó máa ń gòkè ni. Bàbá náà ní nggih. Ó tún un kọ, ó sì tún sọ̀ ọ́. Ọ̀dọ́kùnrin kan bọ́ sí abẹ́ iná, ó mú ìwé tí wọ́n fi lẹ́tà Java kọ, ó ń fi ìka tọ̀ ọ́ kí ó lè dá wọn lẹ́jọ́. Ìwé kò sọ nǹkan kan nípa ohùn. Sílébù nìkan ni ó kà. Ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí sọ orúkọ ẹni tó kọ́ òun, bàbá náà dárúkọ tirẹ̀, àwọn olùkọ́ méjèèjì sì ti kú. Ẹni tó ni ilé ní kí tíì máa lọ. Ìwé dé ọwọ́ ẹni tó kàn, obìnrin kan láti Bantul, ó tún gíláàsì ojú rẹ̀ ṣe, ó dé ìlà kẹta, kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kò gbé e ga, ó fà á lọ tààrà bí wọ́n ṣe ń fà á ní Bantul.